Ta Ló Ń Tẹ̀lé Ẹja Dé Agbami?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti sọ fún wa rí pé ẹ bá àwọn onímọ̀ ẹja ṣiṣẹ́ ní Scotland fún ọdún méjì. Mo gbọ́ pé odò ni wọ́n ti ń bí sámọ́nì, pé òkun ló ti ń dàgbà, àti pé odò tí wọ́n bí i sí náà ló máa ń padà wá yéyin sí. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tó rìn dé? Ṣé wọ́n máa ń wa ọkọ̀ tẹ̀lé e ni? Ẹ̀wẹ̀, tráótì tí wọ́n ní ó bá a tan, ṣé ibì kan náà ló ń lọ? — Ajẹja-tó-ń-bèèrè

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kò sí ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé e. Ojú ọ̀nà rẹ̀ la máa ń lọ lúgọ sí, bí ọdẹ ṣe ń lúgọ de ẹran létí omi.

Rédíò ò wúlò lókun, torí omi iyọ̀ ń gbé ìgbì rẹ̀ mì. Ohùn ló máa ń rìn nínú omi, nǹkan bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò tó ìka ọmọdé, sínú ikùn ẹja, tí yóò máa ké nọ́ńbà tirẹ̀ síta lemọ́lemọ́. Etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n seal, ẹran inú òkun tó ń jẹ ẹja, ń gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì ń ba àwọn onímọ̀ pé àwa fúnra wa la ń pe apanijẹ wá.

Oṣù karùn-ún la máa ń ṣe é, nígbà tí àwọn ọmọ sámọ́nì bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sókun, tí ara wọn ti ń dán bíi fàdákà. Èyí tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14, a ti láyọ̀ sí i. A ó fi í sínú omi olóògùn títí yóò fi sùn, ọ̀gá á la ikùn rẹ̀ díẹ̀, á ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, á fi òwú rán an lójú méjì. Èmi ni mo máa ń rọ omi sí i lẹ́nu kó lè máa mí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n òtútù omi yẹn máa ń wọ èèyàn dé eegun. Òru la ń dá wọn padà sódò, torí òru ni wọ́n sábà máa ń rìn.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ igbe wọn, okùn la fi so wọ́n mọ́ ìdákọ̀ró, a tò wọ́n láti ẹnu odò dé etí òkun. Wọn kì í gbọ́ ohun tó jìnnà. Tá a bá fà wọ́n sókè lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ewéko òkun á ti bò wọ́n, a ó wá máa ka nọ́ńbà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Ẹja tá a gbọ́, a mọ̀ pé ó kọjá. Èyí tá ò gbọ́ mọ́ ńkọ́? Bóyá ó ti kú, bóyá ibi tí etí wa ò dé ló gbà, bóyá bátìrì ló tán. Nọ́ńbà kan wà tó ń ké lójú kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Inú wa dùn sí i lákọ̀ọ́kọ́, àfi ìgbà tí ọ̀gá rẹ́rìn-ín: ẹja kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló kù nísàlẹ̀ omi, wọ́n ti jẹ ẹni tó gbé e.

Ti agbami gan-an, àgbà sámọ́nì tó ti yéyin tán tó ń padà sókun ni wọ́n ń lò, torí òun ló lè gbé ẹrù. Wọ́n á so ẹ̀rọ sátẹ́láìtì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà á máa kọ bí omi ṣe jìn sí, bó ṣe tutù sí, àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, á já ara rẹ̀ gbà, á léfòó, á rojọ́ fún sátẹ́láìtì. Àsìkò tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tó ṣú ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tí ẹja wà. Ní ìhà àríwá pátápátá, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣirò yìí kì í ṣiṣẹ́. Ní 2021, wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde lórí sámọ́nì 105 láti odò Norway, Ireland, Denmark àti ibòmíràn. Ẹja Ireland kọrí sí ìhà Greenland, tí àwọn ti àríwá Norway sì lọ sí òkun Barents. Wọn kì í jìnnà sí ojú omi, àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á rì wọlẹ̀ ju 500 mítà lọ.

Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn tí wọ́n jẹ. Ẹ̀rọ á ṣàdédé kọ òkùnkùn tọ̀sántòru, ooru á sì fò sókè nínú òkun tó tutù bíi yìnyín. Tó bá lé ní ìwọ̀n 20, inú túnà tàbí ẹja ekurá kan tí ara rẹ̀ ń móoru ni. Tó bá súnmọ́ ooru ara tiwa, àbùùbùtán ló gbé e mì.

Má rò pé ìmọ̀ yìí kò lẹ́bọ lẹ́yìn o. Ní 1956, wọ́n mú sámọ́nì kan ní ìwọ̀ oòrùn Greenland tó gbé àmì tí wọ́n fi sí i ní Scotland. Nígbà tó fi máa di 1971, ẹja tí àwọn apẹja kó níbẹ̀ lọ́dún yẹn nìkan ti ju 2,600 tọ́ọ̀nù lọ. Àdéhùn tí wọ́n fi dá ìpẹja agbami dúró ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi ní 1983.

Ní ti tráótì, kò fẹ́ràn ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ wọn ò kúrò létí òkun, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ kúrò nílé: ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan á lọ sókun, èkejì á jókòó sódò títí ayé rẹ̀. Abo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ, torí ẹni tó bá jẹun yó lókun ló ń yé ẹyin púpọ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ nípa ọ̀kan pé "ó ti kú" lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tá ò gbúròó rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ẹ̀rọ ẹnu odò gbọ́ nọ́ńbà rẹ̀ lóru, ó ń wọlé bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n fi bírò fa ìlà sórí ohun tá a kọ.