Táyà wa tí kò gba afẹ́fẹ́ ń kùn, ó sì ń fì: kí la máa kọ́kọ́ tún ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ẹnìkejì mi ń ṣe táyà tí kò gba afẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìsọ̀ wa n'Íbàdàn, torí ó ti sú àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ láti máa wá fọganáísà kiri. Polyurethane, ike kan tó ń nà bíi rọ́bà, la fi dà á, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 42, sípóòkù 24 ló ní. Ìṣó kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sáré tó kìlómítà 40 ní wákàtí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ilé oyin. Bó bá yà ní kọ́nà, ìdí rẹ̀ á máa fì. Àwọn oníbàárà tún ní ó dà bí táyà tí eku jẹ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo la máa kọ́kọ́ mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin àbúrò mi. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yín gan-an. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹwà rẹ̀. Kíkùn àti fífì yẹn, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá, bí ẹ bá sì tún ibẹ̀ ṣe, púpọ̀ nínú ẹwà rẹ̀ á tẹ̀lé e.

Kí ẹ tó da òmíràn, ẹ bá mi ṣe ohun kan lónìí. Ẹ fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì pa ojú táyà náà fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dípò èrò méjì, ẹ fi jáàkì sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́ sórí páálí, kí ẹ tún gbé e sókè. Táyà tó ní afẹ́fẹ́ máa ń tẹ àmì tó dúdú dọ́gba. Nínú tiyín, ohun tí mo rò pé ẹ máa rí ni ìlà ìlà: dúdú kirikiri níbi tí sípóòkù wà, kó pàwọ̀ dà sí féérú láàárín wọn. Àwọn ìlà yẹn gan-an ni ariwo yín.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Afẹ́fẹ́ inú táyà kì í ṣojúsàájú, gbogbo ara táyà ló ń tì lọ́gbọọgba. Nínú tiyín, sípóòkù ló dúró bí òpó sábẹ́ ẹrù. Òpó kan á dé ilẹ̀, á gba ẹrù. Àlàfo tó tẹ̀lé e á rì díẹ̀. Òpó mìíràn á tún dé. Bí kẹ̀kẹ́ bá wà lórí 40, táyà tó ga tó tiyín ń yí ní nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀: ó ti lé ní ìgbà 200 tí ilẹ̀ ń jẹ ìlù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìlù náà á gba inú irin gun orí páànù kẹ̀kẹ́, páànù á sì gbé e ga. Ẹ fi èékánná fa eyín òòyà kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣe yára fà á tó ni ohùn rẹ̀ ń lọ sókè tó.

Kì í ṣe orí yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Michelin, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà, fi Tweel, táyà wọn tí kò gba afẹ́fẹ́, han aráyé ní 2005, mímì àti ariwo ni àlébù tí gbogbo ènìyàn ń kà sí i lọ́rùn, pàápàá tí ọkọ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 80 ní wákàtí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ara ẹ̀rọ tí ń kó yẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń gé koríko ló ti rí àyè, níbi tí eré kò ti pọ̀. Ó di 2019 kí àwọn àti General Motors tó jọ fi Uptis hàn, táyà mìíràn tí kò gba afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ kékeré, ní 2023 ni àwọn ọkọ̀ DHL kan, ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù fún èèyàn, sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Singapore. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà láàárín méjèèjì, pẹ̀lú gbogbo owó ọwọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà lára òrùka ìta, ibi tí ojú táyà lẹ̀ mọ́. Nínú Tweel, bẹ́líìtì méjì tí kì í nà ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, rọ́bà sì wà láàárín wọn. Bí òrùka bá fẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀, bẹ́líìtì méjèèjì á kọ̀, wọn ò ní nà, rọ́bà àárín ni wọ́n á máa fà síwá fà sẹ́yìn. Agídí rọ́bà yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, polyurethane lásán ni òrùka tiyín. Ẹ fi wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí okùn fáíbà yí i ká ní ipele méjì, kí àlàfo àárín ipele méjèèjì dọ́gba yípo. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo wáyà tí wọ́n yọ nínú táyà tí wọ́n dáná sun; iná ti gba agbára ara rẹ̀. Kí wáyà náà sì gbẹ dáadáa kí ẹ tó da nǹkan lé e, torí polyurethane tí omi kàn máa ń hó, ihò á sì wà nínú rẹ̀ tí ojú kò ní rí.

Bí òrùka bá ti le báyìí, sípóòkù kò ní jẹ́ òpó mọ́. Àwọn ti òkè á di okùn jangirọ́fà tí ẹrù so rọ̀ sí, àwọn ti ìsàlẹ̀ á kàn ká kò nígbà tó bá kàn wọ́n. Kí wọ́n lè ká kò láìjà, ẹ má dà wọ́n ní gbọọrọ. Láti inú mọ́ọ̀dù ni kí ẹ ti tẹ̀ wọ́n díẹ̀ bí ọrun ọdẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú ìlù náà ká. Sípóòkù yín jìnnà síra ní dìgírì 15 géérégé, ìyẹn ló fi ń kọ ohùn kan ṣoṣo. Ẹ lo àlàfo mẹ́ta: dìgírì 13.5, 15 àti 16.5, ẹyọ mẹ́jọ mẹ́jọ, àpapọ̀ wọn á pé 360. Ẹ dà wọ́n rú, kí wọ́n má tò tẹ̀léra bí orin. Ariwo kò ní tán, ṣùgbọ́n kò ní dá dúró sójú kan mọ́. Á dà bí ariwo ọ̀nà lásán tí etí kì í kà sí. Ẹ rántí wọn ìdọ́gba táyà lẹ́yìn náà, torí àlàfo tí kò dọ́gba lè jẹ́ kí apá kan wúwo.

Ní ti fífì, ẹ lọ wo kẹ̀kẹ́ ológeere dáadáa. Sípóòkù rẹ̀ kì í ti ojú kan jáde. Ìdajì ń ti apá ọ̀tún họ́ọ̀bù wá, ìdajì láti apá òsì, wọ́n á wá pàdé lára ríìmù. Nítorí pé ẹsẹ̀ wọn yà ni wọn kò fi jẹ́ kí ríìmù dà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀wọ́ sípóòkù méjì, kí ẹsẹ̀ wọn yà sí etí ríìmù, kí orí wọn súnmọ́ra lábẹ́ òrùka. Ẹ yí ọ̀wọ́ kejì kúrò lójú ti èkíní, kí sípóòkù rẹ̀ bọ́ sí àlàfo ti èkíní. Ẹ ti fi òkò kan pa ẹyẹ méjì nìyẹn, torí ìlù náà á tún rọ̀ sí i. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó le tó, ẹ so okùn mọ́ etí táyà, kí ó gba orí púlì, ẹ fi àpò sìmẹ́ǹtì kan fà á sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi rúlà wo bó ṣe yẹ̀ tó. Ẹ ṣe bákan náà fún táyà tuntun tó ní afẹ́fẹ́. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n yín.

Ó wá ku ẹwà. Ìbòrí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í ṣe nítorí ojú ayé nìkan. Ẹrẹ̀ pupa tó bá wọ àárín sípóòkù ní àsìkò òjò á gbẹ síbẹ̀, táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ dè é mọ́ ríìmù nìkan kí òrùka lè rí àyè mí, ẹ sì lu ihò kéékèèké sí i kí ooru lè jáde. Ẹ fi àwọ̀ dúdú sínú polyurethane náà; oòrùn a máa sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ di yẹ́lò. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bèèrè irú tí wọ́n ń pè ní polyether. Irú polyester kì í bá omi àti ooru wa ṣe pọ̀ pẹ́.

Ẹ má tíì fi gbé èrò. Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbé, lórí eré kìlómítà 30 ní wákàtí, fún ààbọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá dúró, ẹ fọwọ́ kan ìdí sípóòkù níbi tó ti kan òrùka. Bí ọwọ́ kò bá gbà á, ó ti gbóná jù, ibẹ̀ ló sì ti máa là. Ẹ tú ìbòrí wò níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù àkọ́kọ́. Ẹ tún tẹ páálí mìíràn, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní. Ọjọ́ tí ẹ kò bá lè fi ojú ka iye sípóòkù lára àmì rẹ̀ mọ́, ẹ wá gbé èèyàn kan sẹ́yìn, kí ẹ gun 40.