Ẹ Bi Wá: Kípírù wo lọmọ yín ń lọ?

Lẹ́tà tó wọlé láti Òṣogbo lóṣù yìí pọ̀, Kípírù ló sì gba iwájú nínú wọn, erékùṣù tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Sáípírọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni Bánábà ti wá. A mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ọmọ mi ọkùnrin rí admíṣọ̀n gbà sí Kípírù. Ejẹ́ńtì ní Yúróòpù ni, pé bó bá ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó lè kọjá sí Jámánì nígbà tó bá wù ú. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Báálẹ̀)

Ìyá wa, ẹ mú lẹ́tà admíṣọ̀n yẹn, ẹ wo ibi tí àdírẹ́sì wà. Bí ẹ bá rí "Mersin 10, Turkey" níbẹ̀, tí nọ́ńbà fóònù wọn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +90 392, àríwá erékùṣù náà lọmọ yín ń lọ. Bó bá jẹ́ +357, gúúsù ni. Tíkẹ́ẹ̀tì náà kò ní parọ́: ECN ni àmì pápákọ̀ òfurufú Ercan tó wà ní àríwá, LCA ni ti Larnaca ní gúúsù.

Láti 1974 tí àwọn ọmọ ogun Tọ́kì ti wọ erékùṣù náà ló ti pín sí méjì. Ìjọba gúúsù ni ayé mọ̀ sí ìjọba Kípírù. Ó wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004, ó sì ń ná owó yúrò láti 2008. Àríwá kéde ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ní 1983, ṣùgbọ́n Tọ́kì nìkan ló gbà á bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń gba Mersin, ìlú kan ní Tọ́kì, kó tó débẹ̀, tí ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Ercan náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní Tọ́kì.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ àríwá ni, ọ̀rọ̀ Jámánì kò sí níbẹ̀ rárá. Gúúsù tó wà lódìkejì títì gan-an kò ní gbà á. Ààlà náà gba àárín ìlú Nicosia kọjá, ẹni tó bá sì fi pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gba Ercan wọlé, ẹ̀bùrú ni gúúsù kà á sí pé ó gbà. Wọ́n á dá a padà lẹ́nu ààlà.

A ò bá ilé ìwé àríwá jà o. Eastern Mediterranean University ti wà ní Famagusta láti 1979. Irọ́ Yúróòpù yẹn la ń bá wí.

Ejẹ́ńtì ní kí n san owó ilé ìwé sí àkáǹtì òun, pé ọmọ ti rí sikọ́láṣíìpù ìdajì, pé iṣẹ́ tó bá ń ṣe níbẹ̀ á gbé ìyókù. (Bàbá tó ń sanwó, Alẹ́kúwodò)

Ẹ má san kọ́bọ̀ owó ilé ìwé sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Àkáǹtì tó bá jẹ́ orúkọ ilé ìwé nìkan lẹ máa san án sí, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sára owó náà. Àdírẹ́sì ímeèlì tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù ilé ìwé fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe èyí tí ejẹ́ńtì kọ fún yín. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá lẹ́tà yẹn ti ọwọ́ wọn jáde.

Ní ti sikọ́láṣíìpù ìdajì, iye tó kù nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè ní owó ilé ìwé, torí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló máa ń ní in nínú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè ni máàkì tí ọmọ gbọ́dọ̀ máa gbà kí wọ́n má baà yọ ọ́ kúrò.

Iṣẹ́ wàyí, ní àríwá. Ọ̀gá tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ bá a gba ìwé àṣẹ. Ọmọ tí wọ́n bá bá lẹ́nu iṣẹ́ láìní ìwé náà lè san owó ìtanràn, wọ́n sì lè lé e kúrò nílùú. Kó tiẹ̀ rí ìwé náà gbà, lírà Tọ́kì ni wọn yóò fi sanwó fún un, bẹ́ẹ̀ pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbà, yúrò sì ni ilé ìwé ń kà. Lírà ń já wálẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó ń gba lírà tó ń san pọ́n-ùn, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi. Bẹ́ ẹ ò bá rí owó ọdún kìíní kó jọ pátápátá, ilé ìwé àti ilé gbígbé àti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹ fi í sí ilé ìwọ̀sùn ilé ìwé lọ́dún àkọ́kọ́: onílé ìgboro á gba owó oṣù tó ń bọ̀, á gba owó ìdúró, ejẹ́ńtì ilé náà á tún gba tirẹ̀, àwọn mìíràn á sì ní kẹ́ ẹ san ti oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó kúrò nílé? Mo sì fẹ́ sin ìlú tí mo bá padà dé. (Ọmọ Ọ̀tà-Ẹ̀fun)

Pásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún mẹ́wàá, olójú ewé 64, ni kó o gbà. Kò sí ẹ́ḿbásì Nàìjíríà ní àríwá Kípírù, Ankara ní Tọ́kì ni wàá ti rí ọ̀kan, wàá sì nílò fìsà Tọ́kì kó o tó débẹ̀. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀: ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, bóyá ọdún kan fún Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú rẹ̀. Ọlọ́dún márùn-ún á kú sí ẹ lọ́wọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kó o rà, láti Èkó dé Ercan. Àwọn kan máa ń ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó lè dín owó kù. Nígbà tí wọ́n bá dé Istanbul, ẹrù wọn á dúró síbẹ̀, wọn ò sì lè jáde lọ gbé e láìní fìsà Tọ́kì. Má tẹ̀ lé èrò tó ń jáde, àmì tránsíìtì ni kó o máa wò. Lẹ́tà admíṣọ̀n, rìsíìtì owó ilé ìwé àti àdírẹ́sì ibi tó o máa sùn gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, torí wọ́n á bi ẹ́ ní Ercan.

Ní ti ìsìnrú ìlú, má sọ pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ nù láé, torí NYSC máa ń wo òǹtẹ̀ àlọ àti àbọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ọ̀tọ̀, pa á mọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tó jáde ilé ìwé, ìwé ìdásílẹ̀ ló máa gbà. Bó bá jẹ́ òfin lo fẹ́ kọ́, wàá ṣe Bar Part I, ẹ̀kọ́ Law School fún àwọn tó kàwé lókè òkun, nílé kó o tó ṣe Part II. Bó bá jẹ́ ìṣègùn ni, ìdánwò MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ní Nàìjíríà, ń dúró dè ẹ́.

Ṣé kí n sá ewédú gbẹ fún ọmọbìnrin mi? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? (Ìyá Ẹléwédú, Ọjà Ọba)

Ẹ má ṣe wàhálà ewédú, ìyá wa. Àwọn Tọ́kì Kípírù ń jẹ ẹ́! Molehiya ni wọ́n ń pè é, ewé kan náà gẹ́lẹ́ ni, wọ́n sì ń ta á ní gbígbẹ nínú ọ̀rá. Odindi ewé ni wọ́n ń sè pẹ̀lú adìẹ àti tòmátì, wọ́n á wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó má baà fà. Ohun tí àwa ń wá gan-an ni wọ́n ń lé.

Kí ọmọ yín ṣa igi inú rẹ̀ kúrò, kó bu ẹ̀kúnwọ́ ewé gbígbẹ náà sínú bẹ̀ǹdà láìfi omi sí i, kó lọ̀ ọ́ kúnná. Kó gbé omi ife méjì kaná. Karbonat, ìyẹn bákín sódà, ni kó fi rọ́pò káún, kó má ju ṣóńṣó ṣíbí tíì lọ; bó bá pọ̀ jù, á máa ta lẹ́nu bí ọṣẹ. Bí omi bá ti hó, kó máa da ewé sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa fi ìjábẹ̀ jà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje. Kó má dé e, torí á ru dànù. Tòmátì kò gbọ́dọ̀ kàn án, ọ̀tọ̀ ni kó se ọbẹ̀ ata. Irmik tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni sẹ̀mó wọn, èyí tó kúnná ni kó rà. Kókò náà wà, kolokas lórúkọ tí wọ́n ń pè é.

Omi ẹ̀rọ kò dára fún mímu. Gálọ́ọ̀nù lítà 19 ni wọ́n ń rà, wọ́n sì ń dá ike rẹ̀ padà kí wọ́n tó gba òmíràn.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti yìnyín, inú ilé ló ti ń mú. Táìlì ni ilẹ̀, ògiri kò nípọn, òru oṣù Ṣẹẹrẹ sì lè lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 5. Súwítà méjì, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn àti jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà kan tó bo ìbàdí tó o. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa ni wọ́n ń lò, àwọn náà wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí, nítorí náà áyọ́ọ̀nù ilé lè bá a lọ. Orí òrùlé ni tánkì omi gbígbóná wà, oòrùn ló ń gbé e. Tí òjò bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, síwíìṣì kan máa ń wà nítòsí ilé ìwẹ̀: kó tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó pa á kó tó wọ ilé ìwẹ̀. Ọmọ tó bá tàn án sílẹ̀ sùn, owó ináa rẹ̀ ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́.