Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Sàmúráì, Ère Òkúta àti Táǹkì

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo Daimajin, fíìmù nípa ère òkúta tó jí dìde ní ìgbà àwọn sàmúráì, jagunjagun Japan àtijọ́. Ó wúwo lójú mi ju Godzilla, ẹranko abàmì inú fíìmù Japan, lọ, bẹ́ẹ̀ Godzilla ló ga jù. Kí ló fà á? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)*

Ojú yín ò tàn yín rárá. Iléeṣẹ́ Daiei gbé fíìmù Daimajin mẹ́ta jáde lọ́dún 1966 nìkan, Yoshiyuki Kuroda ló sì bójú tó iṣẹ́ àrà inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mítà 4.5 ni wọ́n fi gíga ère náà sí. Ènìyàn ló wà nínú ẹ̀wù rẹ̀, nítorí náà àwọn ilé tó ń wó jẹ́ ìdá 2 nínú 5 ilé gidi. Godzilla ọdún 1954 ga ní mítà 50, ìdá 1 nínú 25 péré sì ni ilé tiẹ̀.

Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Ilé ṣeé kọ́ ní kékeré, àmọ́ omi, iná àti eruku ò ṣeé sọ di kékeré. Ẹ̀kán omi tó fẹ̀ ní mìlímítà 5, tó bá ta sára ilé Godzilla, yóò dà bí èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12.5, ó kù díẹ̀ kó tó àgbọn tí wọ́n ti bó. Lára ilé Daimajin, kò ju sẹ̀ǹtímítà 1.25 lọ. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà tún wà níbẹ̀. Ká ní ojú ẹni tó ń wò ó láti ilẹ̀ ga ní mítà 1.5. Kámẹ́rà Daimajin á wà ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó rọrùn. Ti Godzilla á ní láti wà ní sẹ̀ǹtímítà 6, ta ló fẹ́ gbé kámẹ́rà ńlá síbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo Godzilla láti òkè, tí a sì ń wo Daimajin láti abẹ́ rẹ̀, bí àwọn ará abúlé tó ń sá fún un ṣe ń wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi fóònù dán irú rẹ̀ wò, ẹ má gbàgbé pé ohun kékeré máa ń yára balẹ̀. Tí ẹ bá yà á ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ògiri yín á ṣubú bíi páálí. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye ìgbà tí ohun gidi fi ju tiyín lọ ló máa fún yín, kí ẹ wá fi nọ́ńbà náà sọ 24 di púpọ̀. Fún ìlọ́po 2.5, bíi ti Daimajin, nǹkan bí àwòrán 38 ni. Fún ìlọ́po 25, bíi ti Godzilla, 120 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi hàn ní 24. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé òṣèré tún máa ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹ̀wù. Kámẹ́rà ti mú kí ìrìn rẹ̀ falẹ̀. Tó bá tún wọ́ ọ fúnra rẹ̀, a ó máa rí ẹni tó rẹ̀, a ò ní rí òkúta tó ń rìn.

Ẹ tún wo ẹyinjú ère náà. Ẹyinjú Chikara Hashimoto, òṣèré inú ẹ̀wù náà, gan-an ni, ẹni tó ti gbá baseball jẹun kó tó di òṣèré, kì í sì í ṣẹ́jú.

*Nínú fíìmù Sengoku Jieitai, báwo ni ọmọ ogun tó ní táǹkì àti hẹlikópítà ṣe lè máa bẹ̀rù àwọn ọlọ́fà àti ọlọ́kọ̀? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)*

Nítorí pé kò sí ilé epo ní ohun tó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn. Fíìmù ọdún 1979 yìí, tí Sonny Chiba ṣe olórí òṣèré rẹ̀, fi ọmọ ogun òde òní sáàárín ogun abẹ́lé Japan, ọ̀gá wọn sì di ọ̀rẹ́ Nagao Kagetora, olórí ogun kan tó gbé ayé rí lóòótọ́, tí a wá mọ̀ sí Uesugi Kenshin. Ọta tí wọ́n bá ti yìn, ó lọ nìyẹn. Àwọn ọ̀tá wọn ní tiwọn lè gé ọfà mìíràn lọ́la. Táǹkì inú rẹ̀ kì í ṣe ti ológun. Wọ́n kàn án fún fíìmù náà ni. Kẹ́ ẹ tó ra fíìmù náà, ẹ wo iye ìṣẹ́jú rẹ̀: odidi rẹ̀ tó nǹkan bí 138. Èyí tó bá kúrú gan-an, wọ́n ti gé e.

*Ṣé òótọ́ ni pé fíìmù Japan tó ń jẹ́ Message from Space jí Star Wars wò? (Òǹkàwé kan, London)*

Àwọn tó ṣe é rí òkìkí Star Wars, wọ́n sì sáré. Oṣù kẹrin ọdún 1978 ni olùdarí rẹ̀, Kinji Fukasaku, gbé e jáde, kí Star Wars tó dé sinimá Japan. Àmọ́ egungun ìtàn náà jẹ́ ti Bakin, òǹkọ̀wé ará Japan, tó kọ ìtàn akọni mẹ́jọ oní-ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ láàárín 1814 sí 1842. Èso mẹ́jọ ni Fukasaku fi rọ́pò ìlẹ̀kẹ̀. Star Wars fúnra rẹ̀ sì jẹ The Hidden Fortress, fíìmù sàmúráì tí Kurosawa, olùdarí ará Japan, ṣe lọ́dún 1958, ní gbèsè.

*Èwo ni kí n wò nínú tuntun? (Òǹkàwé kan, Èkó)*

A Samurai in Time, fíìmù tí Junichi Yasuda darí. Sinimá kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ó sì gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ níbi Japan Academy Prize lọ́dún 2025. Mànàmáná gbé sàmúráì ará Aizu, agbègbè kan ní Japan, láti àsìkò rẹ̀ sínú ọgbà fíìmù ní Kyoto, ó sì di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti kú lójú kámẹ́rà. Idà oparun tí wọ́n lẹ bébà fàdákà mọ́ ni wọ́n ń fi ṣeré níbẹ̀, takemitsu lorúkọ rẹ̀. Ẹ fọkàn sí ọwọ́ àwọn òṣèré ní apá ìparí, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan idà irin. Ẹ ó rí i pé ṣe ni wọ́n dẹ́kun ìyára.