Dókítà wà n'Íbàdàn, aláìsàn wà ní Ṣakí: Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí mixed reality

Lẹ́tà tó wọlé lórí lílo mixed reality, ìyẹn awò tí a ń wọ̀ sórí tó ń gbé àmì àti àwòrán kọ̀ǹpútà ka orí ohun tí ojú ń rí gan-an, fún ìtọ́jú pàjáwìrì láti òkèèrè kò kéré. A mú márùn-ún nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì kan, Ṣakí: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò WhatsApp la fi ń pe dókítà wa n'Íbàdàn bí ẹ̀jẹ̀ abiyamọ kò bá dá lẹ́yìn ìbímọ. Kí ni mixed reality fẹ́ ṣe tí fídíò kò lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, Nọ́ọ̀sì. Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, ọwọ́ yín méjèèjì á ráyè ṣiṣẹ́. Iwájú orí yín ni kámẹ́rà wà, ohun tí ẹ dojú kọ náà ni dókítà ń wò. Ẹ kò nílò ẹni tí yóò máa gbé fóònù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èkejì, dókítà lè ya ọfà tàbí àmì róbótó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ẹ sì rí i nínú awò bí ẹni pé ó lẹ̀ mọ́ ibi tó ń tọ́ka sí. Awò náà ní kámẹ́rà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí, ó fi mọ ibi tí ibùsùn, tábìlì àti ògiri wà, ìdí nìyẹn tí àmì fi ń dúró sáyè rẹ̀ bí ẹ bá yí orí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ inú àpò ìwọn-ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà 500 mílílítà, ẹ má dúró de awò kankan. Ẹ fọwọ́ ra ilé ọmọ, ẹ fún un ní oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, ẹ rọra fi 1 gíráàmù tranexamic acid, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, sínú iṣan láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ fa omi sí i lára, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ya. Ẹ má ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa dúró wò ó. Ẹ dà wọ́n pọ̀. Bí ìwádìí E-MOTIVE ṣe ṣe é nìyẹn ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, ìṣẹ̀jẹ̀ tó le, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ikú láti ọwọ́ ẹ̀jẹ̀, tí a bá kà wọ́n pọ̀, ti fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ìgbà tí ẹ ti ṣe gbogbo ìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tí ẹ fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ jù yín lọ bá yín wo ibi tó ya, ni iṣẹ́ awò bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àlá. Ní 2020, àwọn ọsibítù Imperial College Healthcare ní Lọ́ńdọ̀nù lo HoloLens 2, awò mixed reality tí Microsoft ṣe, ní wọ́ọ̀dù Kòrónà. Dókítà kan á wọ awò wọlé, àwọn yòókù á jókòó sí yàrá mìíràn, wọn á máa wo ohun tó ń wò, wọn á máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọsibítù aládàáni kan, Òṣogbo: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń lọ, á tún bọ̀. Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó?

Ìdáhùn: Fún fídíò tó mọ́lẹ̀, 1.5 megabit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní ìlọ àti ní àbọ̀. Ti ìlọ ni kí ẹ fojú sí, nítorí òun ni fídíò yín ń gbà jáde, òun náà ló sì sábà ń lọ́ra jù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Ẹ wọn ìdádúró náà: bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ ju 150 milliseconds (1,000 rẹ̀ ni ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n lára; bó bá ju 400 lọ, ẹ ó máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín. Ọfà tó pẹ́ dé léwu ju ọ̀rọ̀ tó pẹ́ lọ, torí ọwọ́ nọ́ọ̀sì ti lè kúrò níbi tí dókítà ń sọ. Ìdí nìyí tí sátẹ́láìtì àtijọ́, tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, kò fi dára fún iṣẹ́ yìí: lílọ nìkan ń jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní Jánúárì 2023, sún mọ́ ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

HoloLens 2 kò gba SIM, Wi-Fi ló sábà ń lò. Ẹ wá router tó ń gba SIM méjì, ti iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fún un ní bátìrì tirẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ lè tàn kíá, ṣùgbọ́n router tó ti kú á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tan ara rẹ̀ padà, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dúró dè é.

Ohun tí a kò ní dẹ́kun sísọ ni pé kí ohùn má gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àwòrán. Ẹ fi fóònù lásán pe dókítà, ẹ gbé e sí sípíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì pa makirofóònù awò kí ohùn má baà máa dún léraléra. Bí àwòrán bá dì, nọ́ọ̀sì á sọ pé "àwòrán ti dúró". Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kí dókítà fi darí rẹ̀.

Olùkọ́ kan ní iléèwé nọ́ọ̀sì, Iléṣà: A dán an wò lórí ọmọláńgidi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Dókítà fi ọfà sí itan, ṣùgbọ́n nígbà tí a yí ọmọláńgidi náà, ọfà dúró sínú afẹ́fẹ́. Ṣé awò ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Yàrá ni awò mọ̀, kò mọ ara ènìyàn. Ibi tí ọfà wà nínú yàrá kò yí padà. Aláìsàn ló kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó sì léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, torí ọfà náà ṣì ń tàn yòò, ó ṣì dà bí òótọ́. Ẹ wo ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nítan. Òkè ojú ọgbẹ́, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, ni a ń so tourniquet, ọ̀já tí a fi ń fún ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, mọ́, a kì í so ó sórí oríkèé. Bí ọfà bá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan yẹ̀, orúnkún lẹ máa so ó mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣàn lọ.

Ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín báyìí. Kí wọ́n tẹ́ aláìsàn dáadáa ná kí dókítà tó ya ohunkóhun. Àmì àkọ́kọ́ tí yóò yà ni róbótó yí orúnkún tàbí ìdodo ká, ohun tí ojú mọ̀ láìsí àríyànjiyàn. Bí róbótó yẹn kò bá bá orúnkún mu mọ́, gbogbo àmì tó kù ti di irọ́. Bí wọ́n bá ti sún aláìsàn bó ti wù kó kéré tó, kí nọ́ọ̀sì ké pé "mo ti yí i o", kí dókítà pa gbogbo àmì rẹ́, kó tún wọn yà.

Níbi tí yíyẹ̀ ní ìbú ìka kan bá lè ba nǹkan jẹ́, bíi ojú abẹ́rẹ́, ẹ má lo ọfà inú afẹ́fẹ́ rárá. Kí dókítà ya fọ́tò ohun tó ń rí, kó fi àmì sórí fọ́tò náà, kó fi ránṣẹ́ padà sínú awò. Fọ́tò àti àmì rẹ̀ kì í ya ara wọn.

Ẹ tún wo ohun tó wà nínú yàrá. Ẹ̀jẹ̀ tútù, abọ́ irin tó ń dán àti rọ́bà dúdú tí a ń tẹ́ sórí ibùsùn máa ń da kámẹ́rà tó ń wọn jíjìnnà láàmú, ọfà á wá léfòó tàbí kó rì. Ẹ fi aṣọ tí kì í dán bò wọ́n. Ògiri funfun tí kò ní nǹkankan lára náà kò dára. Ẹ fi kàlẹ́ńdà kọ́ ọ. Bí ẹlòmíràn bá sì gba awò náà wọ̀, kí awò náà tún ojú ẹni náà wọn; kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì kan, Èkó: Ṣé a lè wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ tó ń sáré?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Ohun tó ń mọ ìrìn nínú awò á gbọ́ pé ọkọ̀ ń lọ, kámẹ́rà rẹ̀ á sì rí inú ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n á máa tako ara wọn, àmì á sì fò lọ. Oòrùn ọ̀sán máa ń pa àmì rẹ́ lójú, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí kò gbóná ju 27°C lọ ni wọ́n ní kí a ti máa lo HoloLens 2. Bó bá gbóná jù, á ti iṣẹ́ pa fúnra rẹ̀. Ẹ páàkì síbi òjìji kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró lẹ ń tẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ́ ló yẹ kó wọ awò. Orí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, òòyì á kọ́ ẹni tó ń wò ó. Kí ẹlòmíràn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú awò, kí dókítà lè rí i bóyá àyà ń wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kó sì máa bá a ka ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan.

Dókítà kan, Manchester: Ọsibítù ìlú wa ni mo fẹ́ máa ràn lọ́wọ́. Awò wo ni kí n rà fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbàgbé ilé. Ìwé àṣẹ ìlú Ọba kò tó láti tọ́jú aláìsàn ní Nàìjíríà, ẹ kọ́kọ́ yanjú tiyín pẹ̀lú MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà. Kí aláìsàn tàbí ará ilé rẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń wò ó láti òkèèrè, kí ẹ má sì gba fídíò sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Òfin ààbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gbẹgẹ́.

Ní ti awò, Microsoft ti jáwọ́ nínú ṣíṣe HoloLens 2 láti Oṣù Kẹwàá 2024, àtúnṣe ààbò rẹ̀ á sì dópin ní ìparí 2027. Ẹ má kó owó ńlá lé àlòkù rẹ̀. Meta Quest 3 àti Apple Vision Pro wà lọ́jà, ṣùgbọ́n inú wọn ṣókùnkùn: fídíò ayé ni wọ́n ń fi han ẹni tó wọ̀ wọ́n. Bí bátìrì bá kú nígbà tí nọ́ọ̀sì ń rán ọgbẹ́, òkùnkùn ló máa rí. Èyí tí ojú ń là kọjá nínú gíláàsì rẹ̀ la fọwọ́ sí fún pàjáwìrì.

Ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní apá irin lórí ibùsùn bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú áàpù tó jẹ́ kí ẹ lè yàwòrán sórí fọ́tò. Ẹ máa sọ pé "apá òsì aláìsàn", ẹ má sọ "òsì" lásán. Kí nọ́ọ̀sì tún orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sọ kó tó fi abẹ́rẹ́ gún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí wọ́n bá ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì náà pè yín lóru láìjẹ́ pé ẹ rán wọn létí, ẹ wá ra awò.