Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò spruce yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú wáyà

Ẹ ní ẹ hú spruce kan, igi ilẹ̀ òtútù tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, lórí òkè ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, kí ẹ lè sọ ọ́ di bonsai, igi kékeré tí a ń tọ́ nínú ìkòkò, pé ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kí ẹ sì wé wáyà mọ́ ọn láti tẹ ẹ̀ka rẹ̀ nígbà ìwọ́wé yìí, àti ẹ̀ka wo ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé ẹyọ kan. Mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń yún èèyàn tí irú igi bẹ́ẹ̀ bá wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ tó yún mi nígbà kan ló pa igi tó ṣeé ṣe kó ti wà láyé kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Engelmann spruce ni igi àkọ́kọ́ tí mo hú, irú èyí tó ń hù lórí àwọn òkè Rocky ní Àríwá Amẹ́ríkà. Mo gbàṣẹ kí n tó gbẹ́ ẹ. Àárín àpáta ló wà. Kò ga ju orúnkún mi lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nípọn tó ọrùn ọwọ́ méjì, òjò dídì sì ti tẹ̀ ẹ́ lórí títí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ fi dorí kodò. Mo gbìn ín sínú àpótí pákó, mo ń bomi rin ín déédéé. Ó rúwé tuntun nígbà ìrúwé yẹn gan-an. Láti ìgbà náà títí di ìgbà ìwọ́wé, ewé kan kò pọ́n. Mo ní ó ti yè. Mo gé bí ìdajì ẹ̀ka rẹ̀ dànù, mo wé wáyà mọ́ ìyókù, mo sì gbà pé mo ti ní bonsai. Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, tí igi gbogbo ń rudi, tèmi dúró bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ kan ẹ̀ka kan, ewé rẹ̀ dà sílẹ̀ ṣàà.

Ohun méjì ni mo kọ́ nígbà tí mo tú u kúrò nínú àpótí, òun ló sì jẹ́ kí n máa kọ̀wé sí yín lónìí.

Èkíní: spruce kì í tètè fi ikú rẹ̀ hàn. Ewé rẹ̀ le, ó ní ọ̀rá lára bí ìda, omi kì í yára kúrò nínú rẹ̀. Gbòǹgbò lè ti kú kí ewé ṣì tutù fún oṣù mélòó kan. Ewé tuntun tí ẹ rí nígbà ìrúwé kò sì jẹ́ ẹ̀rí, nítorí orí òkè ni igi náà ti di ìrudi wọ̀nyẹn mọ́ra lọ́dún tó ṣáájú. Ohun tó ti wà nínú ìrudi náà ló kàn nà jáde. Ìrudi tó bá dì nínú àpótí yín, tó sì là ní ìgbà ìrúwé kejì, ni ẹ máa wò. Tí ọ̀mùnú ọdún kejì bá gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbòǹgbò ń ṣiṣẹ́. Tó bá kúrú tí ewé rẹ̀ sì kéré, igi náà ṣì ń ṣàìsàn, ẹ tún dúró.

Èkejì ló dùn mí jù, nítorí mo lè dènà rẹ̀. Erùpẹ̀ orí òkè tó wá pẹ̀lú gbòǹgbò náà gbẹ táútáú ní àárín, bẹ́ẹ̀ òkúta pumice, òkúta fúyẹ́ oníhò wẹ́wẹ́, tí mo kó yí i ká tutù rinrin. Ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo ń fún un lómi, ibi tó rọrùn ni omi ń gbà kọjá. Ó ń ṣàn gba àárín òkúta jáde nísàlẹ̀, kò kan ibi tí gbòǹgbò wà. Irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó bá ti gbẹ pátá lẹ́ẹ̀kan, kì í fẹ́ gba omi mọ́. Nítorí náà, ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ àárín erùpẹ̀ àtijọ́ náà gan-an, kí ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ máa yọ ọ́ wò kí ẹ tó bomi rin ín. Tó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín díẹ̀díẹ̀, ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún rin ín, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Tó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀, nítorí omi tó dúró sójú kan náà ń pa á. Ẹ má ṣe fọ erùpẹ̀ náà kúrò o. Olú funfun tó rí bí òwú, tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, alájọṣe igi náà ni. Òun ló ń bá a wá omi àti oúnjẹ.

Ẹ tún wò ó bóyá ó ń mì nínú àpótí. Ẹ di ìdí rẹ̀ mọ́ pákó pẹ̀lú wáyà tó lágbára, kí ẹ fi rọ́bà sí ibi tí wáyà ti kan èèpo. Bí afẹ́fẹ́ bá ń mì ín, gbòǹgbò funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ máa ń já lójoojúmọ́, ẹ ò sì ní rí i.

Igi kejì mi, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wò ó lójú. Omi, oòrùn àti ajílẹ̀ nìkan ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan ní ọdún méjì tó, bóyá ó tó fún igi tó ní gbòǹgbò wẹ́wẹ́ púpọ̀ ní ìdí nígbà tí ẹ hú u. Fún èyí tó ti inú àpáta wá, tó jẹ́ gbòǹgbò gígùn bíi mélòó kan ló ní, mi ò ní gbà.

Ní báyìí, ẹ̀ka wo ni ẹ máa gé? Mo fẹ́ kí ẹ máa wo igi náà láti òní, kí ọwọ́ yín ṣì wà nílẹ̀. Ẹ ṣí erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ rí ibi tí gbòǹgbò ti ya, nítorí ibẹ̀ ni ojú igi ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ewé tó wà nítòsí ìtì. Ewé yẹn ni gbogbo ọrọ̀ tí ẹ ní. Spruce kì í sábà rudi lára igi àtijọ́ tó ti pá. Ẹ̀ka tí ẹ bá gé dé ibi tí kò ti sí ewé tàbí ìrudi, ó di òkú nìyẹn. Igi orí òkè sì sábà máa ń kó ewé rẹ̀ sí ṣóńṣó ẹ̀ka, níbi tí oòrùn wà, àárín á wá ṣófo. Mo ti rí ẹni tó gé gbogbo ẹ̀ka wẹ́wẹ́ inú kúrò, ó ní òun ń ṣe ìmọ́tótó, ẹ̀ka gígùn tó pá bí ìrù eku ló kù fún un. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ yẹn gan-an la máa sọ di ẹ̀ka gidi lọ́la. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, ti spruce náà kò yàtọ̀: èyí tó ti nípọn kò ní gbọ́ràn, èyí tó tín-ín-rín nínú ni ẹ lè tọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gé e, ẹ má mú ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti yọ lójú kan, ẹ mú wọn dín kù, nítorí ojú ibẹ̀ á wú. Ẹ̀ka tí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì lé lórí, ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ka ńlá tí ẹ fẹ́ yọ, ẹ fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ bó èèpo rẹ̀ kó di igi òkú funfun bíi ti orí òkè. Àmọ́ igi spruce rọ̀, ó máa ń rà, pàápàá nítòsí erùpẹ̀. Ẹ fi lime sulphur, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí igi òkú tètè rà, kùn ún nígbà tó bá gbẹ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló kàn, ibẹ̀ ni sùúrù tún ti ń tán. Nínú gbogbo igi tí mo ti wé wáyà mọ́, kò sí èyí tó ń rántí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ tó spruce. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi kejì mi lo oṣù mẹ́rìnlá nínú wáyà. Mo yọ ọ́ nítorí ó ti ń jẹ èèpo. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀ka náà ti gbéra sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí mo ti bá a. Mo tún un wé, mo gba ibòmíràn wé e kí wáyà má bàa kan ojú àpá. Ìgbà kẹta ló tó dúró. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa dà bíi pé ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Wáyà bàbà tí wọ́n ti fi iná rọ̀ ni mo fẹ́ràn fún ẹ̀ka tó nípọn, alumíníọ̀mù kì í lè dá spruce dúró àfi kó pọ̀ jù. Abíyá ẹ̀ka, níbi tó ti yọ lára ìtì, ni ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Tó bá kọ́kọ́ jáde gbọọrọ kó tó dorí kodò, ojú á mọ̀ pé èèyàn ló tẹ̀ ẹ́. Òjò dídì kì í tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó le jù, ẹ má bá a jà: ẹ fi okùn wáyà so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí ẹ máa fà á le díẹ̀díẹ̀ ní oṣooṣù. Ìgbà ìwọ́wé títí di òpin òtútù ni mo máa ń ṣe é. Tí ọ̀mùnú bá ti ń nà, èèpo máa ń yọ̀ bọ́ lára igi, oje á máa jò. Nígbà tí ẹ bá ń yọ wáyà, ẹ fi ẹmú gé e ní kékèké, ẹ má tú u, nítorí títú ló ń ṣẹ́ ìrudi.

Ẹ á gbọ́ pé kí ẹ máa fi ìka já ọ̀mùnú rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún igi tó ti parí ni. Èyí tí ẹ ṣì ń kọ́, tí ẹ bá ń já a lọ́dọọdún, ẹ ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀mùnú náà nà, kó le, lẹ́yìn náà nígbà tí ooru bá ń lọ sópin tí ìrudi tuntun ti hàn, ẹ gé e padà sí ojú ìrudi kan. Orí igi ni kí ẹ ti gé jù, torí orí ló lágbára jù. Ìsàlẹ̀ tí kò lágbára, ẹ má fọwọ́ kàn án. Oòrùn tó bá wọ àárín igi tó jẹun yó ló ń mú ìrudi inú jáde.

Kòkòrò mite náà wà. Tí ewé bá ń di aláwọ̀ eérú nígbà ooru, ẹ gbọn ẹ̀ka sórí bébà funfun, ẹ ó rí i tó ń rìn bí eruku. Omi tó ń tú lágbára sábẹ́ ewé lójoojúmọ́ ló ràn mí lọ́wọ́ jù.

Ìkòkò bonsai ṣì jìnnà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ní ìgbà tí ìrudi bá ń wú, ẹ ó tú erùpẹ̀ àtijọ́ apá kan, ẹ ó fi apá kejì sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i.

Iṣẹ́ ìgbà ìwọ́wé yìí kò ju kí ẹ gbé àpótí náà kúrò lójú afẹ́fẹ́, kí ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀, kí ẹ kó èèpo igi wẹ́wẹ́ yí i ká títí dé etí rẹ̀, nítorí òtútù tí gbòǹgbò ń fara dà nínú ilẹ̀ lè pa á nínú àpótí. Kí ìtutù tó mú ilẹ̀ le, ẹ rí i dájú pé erùpẹ̀ àárín yẹn kò gbẹ.