Òrùka dúdú yẹn kì í ṣe ihò

Àbúrò, kú iṣẹ́ o. O ní o fi dátà ALMA (àwọn awò rédíò tó rí bí abọ́ ńlá-ńlá, ní Chile) ya àwòrán gáàsì tó yí ìràwọ̀ ọ̀dọ́ HL Tauri ká, o wá rí òrùka dúdú kan yí i po, tí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ lọ sílẹ̀ ju òdo lọ. O ń bèèrè bóyá ìràwọ̀ náà ló fẹ́ gáàsì ibẹ̀ dànù.

Rárá o. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ irú àlàyé yẹn nígbà tèmi. Mo fi tclean, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán rédíò ṣe, fọ àwòrán náà ní àfọ̀túnfọ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Ọ̀gá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Níbo lo ti rí gáàsì tó kéré ju òfo lọ?" Ojú tì mí.

Méjì-méjì ni àwọn abọ́ ALMA fi ń wọn nǹkan. Bí méjì bá ṣe jìnnà síra tó ni ohun tí wọ́n ń rí ṣe ń kéré tó. Àwọn abọ́ oní-mítà 12 kò sì lè sún mọ́ra kọjá ìbú ara wọn, wọ́n á forí gbárí, nítorí náà gáàsì tó bá tẹ́ rẹrẹ máa ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọ̀n tó ń mú ẹja wẹ́wẹ́, tí àrọ̀ ńlá ń gba ibẹ̀ kọjá! HL Tauri sì ṣì wà nínú ìkùukùu tó bí i. Ìkùukùu tí a kò rí yẹn ló ń fa nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo.

Ìlà carbon monoxide, ìyẹn ìgbì rédíò tí gáàsì náà ń tú jáde ní 230.538 GHz, lò ń lò, àbí? (Hydrogen ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ òtútù kì í jẹ́ kó fọhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá gáàsì inú èéfín jẹnẹrétọ̀ kiri ojú ọ̀run.) Wo àwòrán ìyára kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn àwòrán gáàsì tó ń rìn ní ìyára kan náà. Bí òrùka náà bá dúdú jù ní nǹkan bíi kìlómítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe ìyára ìkùukùu náà, tó sì ń parẹ́ bí o ṣe ń lọ sí apá méjèèjì níbi tí gáàsì ti ń sáré yí ìràwọ̀ ká, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn.

Lọ wá dátà àwọn abọ́ oní-mítà 7 nínú àkójọ ALMA. Méjìlá ni wọ́n, wọ́n sì fún mọ́ra dáadáa. Bí ti àwọn abọ́ tó ń dá wo ojú ọ̀run láìní èkejì bá wà, fi kún un. Nígbà tí èmi pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, òrùka náà lọ, odidi orí kan nínú ìwé ìwádìí mi sì bá a lọ.