Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ sùn lórí látẹ́ẹ̀sì: ẹ má tíì ra tọ́pà

Ẹ kú ìrora o, àǹtí mi. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé fóòmù látẹ́ẹ̀sì (èyí tí wọ́n fi oje rọ́bà ṣe) onípele mẹ́ta lẹ rà, pé ẹ̀gbẹ́ lẹ fi ń sùn, pé èjìká àti ìgbáròkó ń dùn yín tẹ́ ẹ bá jí, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ ra tọ́pà, ìyẹn fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ lé fóòmù lórí, ti ínǹṣì 2 tàbí ti ínǹṣì 3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbí ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, gbígbé èèyàn sókè, yíyí èèyàn padà, tí mo bá délé láàárọ̀ oorun nìkan ni mo ń wá. Orí fóòmù yẹn, oorun ò sí. Màá fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ ọ̀tún á fi kú, àwọn ìka á máa gún mi lábẹ́rẹ́, màá yí sósì, ìgbáròkó á bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, màá fẹ̀yìn lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò lè fẹ̀yìn sùn láti kékeré, ni màá bá dìde jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá máa fọwọ́ ra èjìká títí oòrùn á fi wọlé dé ojú mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò lè fi ọwọ́ yẹn gbé ife tíì dé ẹnu. Mo sunkún gidi. Owó ńlá la kó lé fóòmù yẹn lórí o! Ẹni tó tà á fún wa ló tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, èyí tó le jù ló yẹ kó rà. Kò bi mí bí mo ṣe ń sùn, kò bi mí bí mo ṣe wúwo tó, firm ṣáá ló ń pè. Nígbà tí mo pè é padà ó ní ara mi máa mọ́ ọn, kí n ní sùúrù. Sùúrù wo? Ẹni tí kò rí oorun sùn, níbo ló ti fẹ́ rí sùúrù?

Mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan èjìká mi, kọ̀ǹpútà ló kọjú sí, ó kọ oògùn ìrora, ó wá ní kí n lọ wá fóòmù tó tún le ju èyí lọ. Mo pe ilé n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni, bọ̀ọ̀dá mi ní kí n ti pákó bọ abẹ́ ẹ̀, pé orthopedic lòun ń sùn lé ní tòun. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ pé líle ló dáa fún ẹ̀yìn yìí, wọ́n ti dán an wò tipẹ́. Ní 2003 àwọn oníṣègùn kan ní Spain kó èèyàn 313 tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ìgbà pípẹ́ jọ, wọ́n fún àwọn kan ní fóòmù líle, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó le níwọ̀nba, àwọn tó sùn lórí èyí tó le níwọ̀nba lára wọn yá jù. Lancet ló gbé e jáde, ìwé àwọn dókítà fúnra wọn. Ó ti lé ní 20 ọdún! Dókítà ló yẹ kó sọ ìyẹn fún mi, kì í ṣe pé kémi tí mo ti iṣẹ́ alẹ́ dé máa wá a kà lórí fóònù.

Ohun tó ń ṣe yín nìyí. Ẹni tó fẹ̀yìn sùn, gbogbo ẹ̀yìn ló pín ìwúwo náà gbé. Ẹni tó fẹ̀gbẹ́ sùn dà bí iṣu gbágungbàgun tí wọ́n gbé sórí tábìlì, ibi tó yọ síta nìkan ló ń kan nǹkan, ìyẹn èjìká àti ìgbáròkó. Bí òkè fóòmù bá le, èjìká ò ní ríbi wọ̀ sí, ara á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ látòkè, ibẹ̀ á fún, ọwọ́ á kú. Ìbàdí náà á dá wà lófuurufú láìsí ohun tó gbé e dúró. Tí gbogbo ẹ̀ bá tún wá rọ̀ látòkè délẹ̀, ìgbáròkó á rì, ọ̀pá ẹ̀yìn á tẹ̀, ìrora mìíràn nìyẹn. Nítorí náà òkè ló yẹ kó rọ̀, bí ínǹṣì 2 tàbí 3, kí ìsàlẹ̀ le kó gbà yín dúró.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ṣí síìpù kọ́bà ẹ̀, ẹ gbé ìpele tó rọ̀ jù wá sókè, ẹ dé e padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó rọ̀ lóòótọ́, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbọ́, torí "medium" ilé iṣẹ́ kan ni "firm" ilé iṣẹ́ míì. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ILD ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ìyẹn ni iye pọ́n-ùn ìwúwo tí wọ́n fi ń tẹ fóòmù kó tó wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́rin nínípọn ẹ̀. Tó bá wà ní bíi 20 sísàlẹ̀, ó rọ̀, 25 sí 30 wà láàárín, tó bá ti kọjá 35, ó le. Ti òkè tèmi ti kọjá ibẹ̀! Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò mọ nọ́ńbà yẹn, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ ni wọ́n ń gbà ṣe látẹ́ẹ̀sì, Dunlop àti Talalay. Tó bá jẹ́ Dunlop ni tiyín, ẹ yí ìpele òkè dojú dé kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n á da oje rọ́bà tí wọ́n ti pò sínú mọ́ọ̀dù, ohun tó wúwo nínú ẹ̀ á máa lọ sísàlẹ̀ kí wọ́n tó sè é, ìdí nìyẹn tí apá kan fi máa ń le díẹ̀ ju èkejì. Talalay ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, wọ́n á dì í bíi yìnyín kí wọ́n tó sè é, ó máa ń dọ́gba, ó sì máa ń fúyẹ́ ju Dunlop lọ. Talalay rírọ̀ ni mo padà fi sókè tèmi, èjìká mi rí ilé wọ̀.

Kọ́bà ńkọ́? Èyí ni ò sẹ́ni tó sọ fún mi. Kọ́bà tí wọ́n fi òwú àgùntàn nípọn rán mọ́ inú, tàbí ìbòrí tí omi ò lè wọ̀ tí wọ́n fà mọ́ ọn le gírígírí, á sọ látẹ́ẹ̀sì rírọ̀ di líle, torí òun ló máa ń gbé yín dúró kẹ́ ẹ má lè rì wọ inú fóòmù. Ẹ yọ ìbòrí yẹn, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì nìkan, ẹ sùn lé e fún ọjọ́ mélòó kan. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan o, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Tí èjìká bá ti ń wọlé, pílò tẹ́ ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ á ti ga jù, ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ẹ má bá fóòmù wí, ẹ dín pílò kù. Ẹ tún fi ọ̀kan sáàárín orúnkún.

Ọkọ mi fẹ́ràn kó le. Ìpele tí wọ́n gé sí méjì ló yanjú ìyẹn, ọwọ́ tèmi rọ̀, ọwọ́ tiẹ̀ le, kò sí aáwọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má sá a sóòrùn! Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn, kí harmattan tó wọlé gbogbo fóòmù ti wà níta. Látẹ́ẹ̀sì ò fẹ́ oòrùn, á gbẹ, á máa já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín. Atẹ́gùn inú yàrá tó o. Ẹ má tún tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀rinrin á há sábẹ́, á bu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ pe ẹni kejì, ẹ ká a, ẹ má di etí ẹ̀ mú fà, ó ń ya. Àwọn pákó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, àlàfo àárín wọn ò gbọdọ̀ ju ínǹṣì 3 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa rì síbẹ̀, ẹ̀ẹ́ rò pé fóòmù ló bàjẹ́.

Tọ́wọ́ bá ṣì ń kú lọ́sàn-án tẹ́ ò dùbúlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ti fóòmù, ó lè jẹ́ iṣan ọrùn, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ àfi tó bá fọwọ́ kan ọrùn àti èjìká yín.

Ẹ̀ẹ̀, tọ́pà lẹ bèèrè. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìyẹn ò ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá fúyẹ́, ínǹṣì 2 tó rọ̀ lè tó yín. Tẹ́ ẹ bá sanra tàbí tí èjìká yín fẹ̀, ínǹṣì 3, torí ti 2 ẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ já, ẹ̀ẹ́ tún lọ pàdé líle ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe ibi tẹ́ ẹ ti rà á ná, ọ̀pọ̀ wọn máa ń pààrọ̀ ìpele kan fún èèyàn láàárín ìgbà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdánwò, kí wọ́n tó ní ọjọ́ ti kọjá. Ẹ ju nọ́ńbà ILD ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbí, kẹ́ ẹ sọ èyí tó wà lókè báyìí, màá bá yín wò ó tí mo bá tibi iṣẹ́ dé.